Ọtí Inú Mọ́tò Bàbá Mi

Bàbá mi kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pariwo nínú ilé rẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ọkọ mi kọ́kọ́ sọ fún un pé kó jẹ́ ká máa da ọtí mọ́ bẹntiróòlù inú mọ́tò rẹ̀, òun gan-an ló pariwo. Ó dìde lórí àga, ó ká etí aṣọ rẹ̀ mọ́ra bí ẹni pé ọtí ọ̀hún ti ń ṣàn bọ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní, "Nínú mọ́tò tí mo fi ń lọ kírun? Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé orí yín pé?" Ọkọ mi, tó ti dọ̀bálẹ̀ kó tó la ẹnu, tún dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Èmi bú sẹ́rìn-ín, bàbá mi ò sì bá mi sọ̀rọ̀ fún odindi ọjọ́ mẹ́ta.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú èèyàn tó jẹ́, kí ẹ má baà rò pé ó le lásán. Aláàjì ni, ọdún díẹ̀ ló kù kó pé ọgọ́rin, àdìrẹ sì ni ìdílé wa ń tà ní Ìtòkú láti ayé ìyá ìyá rẹ̀. Ọtí kò ní ìjókòó nínú ilé wa. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí àlejò tí kò mọ àṣà wa bá gbé ìgò bíà wọ àgbàlá, ife tó bá fi mu ún, ìyá bàbá mi á fi omi ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹta, á sì sá a sórí àpáta ẹ̀yìnkùlé títí oòrùn á fi fa òórùn rẹ̀ kúrò. Nígbà mìíràn ewúrẹ́ á ti ta á nù kó tó gbẹ, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Inú ìwà yẹn ni bàbá mi dàgbà sí. Ohunkóhun tó bá ti gbé ọtí, omi ẹ̀ẹ̀mẹta ni oògùn rẹ̀.

Èmi ní tèmi, kẹ́mísírì ni mo fi ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan nínú Abẹ́òkúta, ọkọ mi sì jẹ́ mẹkáníìkì. Ọ̀rọ̀ ọtí inú mọ́tò ti pẹ́ lẹ́nu wa. Ọtí ẹ̀gẹ́ ni mo ń sọ, èyí tí ìwé ń pè ní ẹtanọ́ọ̀lù. Èmi á ní ilẹ̀ wa ló ti ń hù, pé ẹ̀gẹ́ tí a bá gbìn lọ́dún yìí, a tún lè gbìn ín lọ́dún tó ń bọ̀, kì í ṣe bí epo rọ̀bì tí wọ́n ń wa kànga rẹ̀ títí tí á fi gbẹ. Èmi á ní iná rẹ̀ mọ́, èéfín rẹ̀ kì í ta ojú. Ọkọ mi á jẹ́ kí n sọ tèmi tán, á nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ àkísà, á ní, "Madam kẹ́mísírì, ìwé lo kà, èmi ni mo ń wọ abẹ́ ọkọ̀." Á wá bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Ọtí máa ń jẹ rọ́bà mọ́tò àtijọ́. Ó máa ń họ ìdọ̀tí tó ti sùn sínú táǹkì láti ọdún gbọọrọ, á kó o wá dí kabúrétọ̀. Láàárọ̀ ọyẹ́, ẹ́ńjìnnì á máa lọ́ra bí ọmọ tí wọ́n jí lójú oorun lọ sílé kéwú. Agbára rẹ̀ ò sì tó ti bẹntiróòlù: ibi tí lítà epo kan bá gbé ẹ dé, lítà ọtí kan ò ní gbé ẹ débẹ̀. A lè jẹ oúnjẹ alẹ́ tán lórí àríyànjiyàn yìí kí ẹnikẹ́ni má gbà fún ẹnì kejì. A ò mọ̀ nígbà náà pé ọ̀rọ̀ tí a fi ń ṣeré máa tó kàn wá.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló sọ ọ́ di dandan. Ẹ̀gbọ́n obìnrin kan ṣoṣo ló kù fún bàbá mi láyé, Papalanto ló ń gbé, nítorí ibẹ̀ ni ọkọ gbé e lọ. Òun ló pọn bàbá mi dàgbà. Ìyá wọn a máa kó aṣọ lọ sí ọjà ọ̀nà jíjìn, ẹ̀gbọ́n yìí, tí òun fúnra rẹ̀ ṣì jẹ́ ọmọdé, ni á máa gbé àbúrò rẹ̀ pọ̀n, tí á máa fún un ní ẹ̀kọ mu, tí á sì máa nà án bó bá hùwàkiwà. Mo mọ̀ pé ó máa ń nà án, nítorí ńṣe ni bàbá mi fi ń yangàn. Á ní, "Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi le ju ti ìyá wa lọ!" Ojú rẹ̀ á sì máa dán.

Ó ti tó ọdún mélòó kan tí iyè ìyá àgbà yìí ti ń ra. Àwọn èèyàn ń bọ́ kúrò lọ́kàn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn aládùúgbò ló kọ́kọ́ lọ, àwọn ọmọ-ọmọ tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ló kan ọmọ tó bí nínú ara rẹ̀, tó ń sè fún un, tó sì ń wẹ̀ ẹ́. Bàbá mi nìkan ni kò tíì bọ́. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ló máa ń gbé mọ́tò rẹ̀ aláwọ̀ ojú ọ̀run, tó dàgbà ju àkọ́bí mi lọ, lọ sí Papalanto. Á gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó síwájú, á yí gíláàsì sílẹ̀ fún un, wọ́n á sì máa rọra yí ìlú ká. Iwájú mọ́tò yẹn ni iyè ìyá àgbà ti máa ń padà. Bí wọ́n bá ti kọjá níbi ìsọ̀ tó ti ń ta aṣọ tẹ́lẹ̀, á na ọwọ́, á sọ aṣọ tó tà níbẹ̀, á sọ ẹni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè, á bú onítọ̀hún dáadáa. Bàbá mi á ní, "Ẹ bú u sí i, ẹ̀gbọ́n mi." Ayọ̀ ọ̀sẹ̀ rẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tí owó epo wá fò sókè, Ọjọ́bọ̀ mẹ́rin di ẹyọ kan. Ìgbà kẹta tó lọ ní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dìde fún un, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ bí obìnrin ṣe ń kí àlejò pàtàkì, ó ní, "Ẹ kú àbọ̀ o, Aláàjì. Ta ni ẹ ń wá?"

Bàbá mi dé sílé lọ́jọ́ náà, kò sọ̀kalẹ̀. Ó jókòó sínú mọ́tò níwájú ilé, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lórí sítíárì. Nígbà tí mo lọ bá a, mo ní, "Bàbá, kí ló dé?" Ó ní, "Ó kúnlẹ̀ fún mi." Mo wọ ilé, mo lọ sunkún nínú balùwẹ̀ kó má baà gbọ́, nítorí mo ti mọ̀ pé bí nǹkan bá ń lọ báyìí, ẹni kan ṣoṣo tó kù lọ́kàn ìyá àgbà yìí máa bọ́, kò sì ní padà mọ́.

Ìdí nìyẹn tí ọkọ mi fi dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nítorí ọtí.

Ibi tí ọtí náà ti ń wá kò jìnnà. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ń dáko ní abúlé kan lójú ọ̀nà Ọ̀fàdà, òun àti àwọn àgbẹ̀ bíi mélòó kan sì pawọ́pọ̀ ra àgbá irin ńlá tí wọ́n fi ń sè é, tí wọ́n sì ń tà á fún àwọn tó ń po sípíríìtì ilé ìwòsàn. Bàbá mi ní kò sí ohun tí òun máa gbọ́ lẹ́nu wa mọ́, òun máa fojú ara òun rí i. A gbé e lọ. Ilé Ọbàtálá ni ilé àwọn àna mi, aṣọ funfun ni wọ́n ń wọ̀ lọ́jọ́ ọ̀sẹ̀ òrìṣà wọn, èèwọ̀ wọn sì ni ẹmu àti ọtí gbogbo. Nígbà tí bàbá mi gbọ́ ìyẹn, ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi.

Ó ní, "Ẹ ò mu ún, ẹ sì ń sè é?"

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní, "Aláàjì, gbogbo ìró àti bùbá tí ẹ ń tà ní Ìtòkú, ṣé ẹ máa ń wọ̀ ọ́ ni?"

Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Mo ti ń fi ìwé bá a jiyàn láti ọjọ́ yìí wá, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ́nu àgbẹ̀ ló ṣe é. Àwọn méjèèjì jókòó sábẹ́ igi ọsàn, wọ́n ń mu omi tútù, ni wọ́n bá di ọ̀rẹ́. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ṣàlàyé fún un pé láyé àtijọ́, bí ẹ̀gẹ́ bá pọ̀ lóko, ńṣe ló máa ń jẹrà sílẹ̀ nítorí kò sí ẹni tó máa rà á, ṣùgbọ́n báyìí àgbá ń gba gbogbo rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, tó ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. Ó ní, "Aláàjì, ẹ bá mi sọ fún wọn o. Àgbá ló kọ́kọ́ ń jẹun nílé yìí. Láfún ti wọ́n lọ́jà, àwa tí a ní ẹ̀gẹ́ lóko tún ń lọ ra gààrí. Bí mọ́tò bá jẹ ẹ̀gẹ́ tán, kí ni àwa máa jẹ?" Bàbá mi mi orí, ó ní òótọ́ ni ìyá ń sọ, pé ìwọ̀nba ni òun máa máa gbà, bó ṣe tó fún Ọjọ́bọ̀. Ó sì dìde lọ wo oko ẹ̀gẹ́.

Ẹ̀yìn tó lọ ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ń ṣàlàyé fún èmi àti ọkọ mi bí wọ́n ṣe ń sè é lẹ́ẹ̀kejì, tí wọ́n á tún fi òkúta ẹfun sísun fa omi inú rẹ̀ gbẹ, nítorí omi ni ọ̀tá ọtí tí a fẹ́ lò nínú ẹ́ńjìnnì. Ọkọ mi gbọ́. Èmi ti mọ̀ kó tó sọ ọ́. Bàbá mi wà láàárín poro, ó ń fọwọ́ kan ewé ẹ̀gẹ́, kò gbọ́ nǹkan kan.

Ó ṣì ku lẹ́mọ́ọ̀mù. Bàbá mi lọ bá a nílé, mo tẹ̀ lé e. Lẹ́mọ́ọ̀mù fetí sílẹ̀ títí dé òpin, ó ní, "Aláàjì, ṣé ẹ máa mu ún ni?" Bàbá mi ní kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Lẹ́mọ́ọ̀mù ní, "Nígbà kòrónà, ṣé oògùn apakòkòrò ọlọ́tí kọ́ ni gbogbo wa fi ń pa ọwọ́ kí á tó wọ mọ́ṣáláṣí? Ẹ lọ máa kí ẹ̀gbọ́n yín o jàre. Ká máa bẹ ìbátan wò, ìjọsìn ni." Bàbá mi dúpẹ́. Nígbà tí a dé ìta, ó ní, "Ó gbà á. Ọkàn tèmi ni kò tíì gbà á tán." Mo ní, "Ọkàn yín á gbà á bí ẹ bá dé Papalanto."

Ọkọ mi pààrọ̀ gbogbo rọ́bà tí epo ń gbà kọjá, ó fọ kabúrétọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í po ó, ìwọ̀n ọtí kan sí ìwọ̀n epo mẹ́rin. Mọ́tò náà gbà á. Ó lọ́ra láàárọ̀ bí ọkọ mi ṣe wí, kò sì rìn jìnnà tó ti tẹ́lẹ̀ bí òun náà ṣe wí, ṣùgbọ́n ohùn ẹ́ńjìnnì rẹ̀ fúyẹ́ bí èmi náà ṣe wí, nítorí náà kò sí ẹni tó ṣẹ́gun. Ọtí ẹ̀gẹ́ tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ń fún wa bí àna ṣe ń fún àna ló mú kí Ọjọ́bọ̀ tún padà. Ní Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ àti ìkejì, ìyá àgbà jókòó síwájú mọ́tò láìsọ̀rọ̀. Ní Ọjọ́bọ̀ kẹta, ó ń wo bàbá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ní ìkẹrin, a ń yí kọ́nà kan lọ, ó gbá a lórúnkún, ó ní, "Má sáré jù, ìwọ ọmọ yìí." Bàbá mi kò lè wa mọ́tò mọ́, ó ní láti yà sẹ́bàá ọ̀nà. Èmi tí mo wà lẹ́yìn, ojú fèrèsé ni mo gbájú mọ́ kí n má baà bú sẹ́kún.

Ìṣòro tó kù ni ọjọ́ Jímọ̀. Bí a bá ti Papalanto dé lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, ọtí díẹ̀ á ṣì kù nínú táǹkì, bàbá mi kò sì lè gbé e wọ ọgbà mọ́ṣáláṣí. Ó máa ń páàkì rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ òkè tí mọ́ṣáláṣí wà lórí rẹ̀, á wá máa fi orúnkún tó ń dùn ún gun àpáta lọ sókè. Mo ní kó máa wọ ọ̀kadà, ó kọ̀. Mo ní kó kúkú máa gbé mọ́tò dé iwájú mọ́ṣáláṣí, ó kọ̀. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan ni òjò ká a mọ́ ìdajì òkè, ó kírun tán nínú aṣọ tútù, ó sì fi ikọ́ wọ ilé. Mo bínú sí i gan-an. Mo ní, "Bàbá, Ọlọ́run tí ẹ ń sá fún yìí ló dá ẹ̀gẹ́." Ó ní mo ti ń kàwé jù.

Kò bá mi jiyàn sí i, ó yẹ kí n ti fura. Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn tí a dé láti Papalanto, ó gbé kẹ́tùlù àlùwàlá rẹ̀ lọ sẹ́yìn ilé. Epo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú mọ́tò. Ó tú nọ́ọ̀tì abẹ́ táǹkì, ó jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ jò dànù, ó dì í padà, ó da omi sínú táǹkì, ó tún tú u. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, bí ìyá rẹ̀ ṣe ń ṣe ife àlejò. Lẹ́yìn náà ló ra bẹntiróòlù díẹ̀ tí kò ní ọtí, ó sì gbé mọ́tò rẹ̀ mímọ́ wọ ọgbà mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú orí gíga. Mọ́tò náà wúkọ́ díẹ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú wa, ó rò pé a máa fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, irọ́ kọ́ sì ni.

Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ẹni tó ń tọ́jú ìyá àgbà, pè mí. Ó ní, "Màámi ò fi nǹkan kan sẹ́nu láti ọjọ́ Ajé, àfi omi. Wọ́n ní àwọn ò mọ àwọn tó wà nínú ilé yìí, àwọn ò lè jẹ oúnjẹ àjèjì. Sísì, ẹ bá mi bẹ Bàbá kí wọ́n tètè wá." Mo sọ fún bàbá mi. Ó ní, "Ó máa jẹun lọ́wọ́ mi. Tí a bá ti gbé e jókòó síwájú mọ́tò, ó máa jẹun." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó dá a lójú, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó lọ sùn.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ọkọ mi bu ọtí àti epo sínú táǹkì bó ṣe máa ń ṣe, ó lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀. Mo tọrọ àyè níléèwé, èmi àti bàbá mi gbéra. A kọjá Ọbàdá dáadáa, a kọjá Wásinmi. A ò tíì fi Ìtòrí sílẹ̀ tán tí mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í já wa síwájú sẹ́yìn, ó wúkọ́, ó mí kanlẹ̀, ó kú. Àwọn tírélà ń fẹ́ erùpẹ̀ funfun lù wá bí wọ́n ṣe ń kọjá. Mo pe ọkọ mi lórí fóònù. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó bi mí ni pé, "Ṣé omi wọ táǹkì yín ni?"

Mo ní, "Omi báwo? Níbo ni omi ti máa wá?" Mo gbójú sókè, mo rí bàbá mi, ó ń wo bàtà ara rẹ̀.

Ó ní, "Mo ṣàn án ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré."

Ẹnu mi ti là. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò dára, ọmọ kì í sọ ọ́ sí bàbá rẹ̀. Ó wá ní, pẹ̀lú ohùn kékeré kan tí mi ò gbọ́ rí lẹ́nu rẹ̀, "Ilé Ọlọ́run ni mo fẹ́ gbé e wọ̀." Gbogbo ìbínú mi bá erùpẹ̀ lọ. Nítorí ta ló jẹ̀bi? Èmi tí mo ń fi gègé pupa já ọmọ ọlọ́mọ ní máàkì tí wọn ò bá mọ ohun tí omi ń ṣe sí ọtí, mi ò sọ ọ́ fún bàbá tó bí mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bẹntiróòlù àti omi kì í bára wọn rẹ́. Ọtí nìkan ló mọ àwọn méjèèjì, ó dà bí alárenà. Ṣùgbọ́n bí omi bá ti pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, alárenà á kọ bẹntiróòlù sílẹ̀, á bá omi lọ sí ìsàlẹ̀ táǹkì, ìsàlẹ̀ yẹn sì ni ẹ́ńjìnnì ti ń mu. Omi tó ṣẹ́kù sí kọ̀rọ̀ táǹkì ti ń dúró de ọtí wa láti ọ̀sẹ̀ kan.

Ọkọ mi ní kí a tú nọ́ọ̀tì abẹ́ táǹkì, kí a jẹ́ kí omi ìsàlẹ̀ jò. Mo ní kí bàbá mi jẹ́ kí n ṣe é, ó ní òun lòun bà á jẹ́, òun lòun máa tún un ṣe. Ó na ọwọ́ sábẹ́ mọ́tò nínú jálàbíà funfun rẹ̀. Nọ́ọ̀tì bọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ táǹkì sì tú jáde sí i lápá, sí i láyà, títí dé irùngbọ̀n. Òórùn bẹntiróòlù kọ́ ni mo gbọ́. Ọtí ni, ọtí pọ́nbélé, bí ẹni tó sùn sílé ọlọ́tí. Bàbá mi dìde, ó gbọ́ òórùn apá ara rẹ̀, ó wò mí bí ọmọ tó jábọ́ sínú ẹrẹ̀ lọ́jọ́ ọdún. A fi gbogbo omi tó wà lọ́wọ́ wa fọ̀ ọ́, òórùn náà kò lọ. Mọ́tò náà kò jí. Ọkọ mi ní kabúrétọ̀ náà ti mu omi, kí a fi í sílẹ̀, òun ń bọ̀ wá gbé e.

Mo dá ọ̀kadà méjì dúró. Bàbá mi kò gùn ún. Ó di ilẹ̀kùn mọ́tò mú.

Ó ní, "Láìsí mọ́tò yìí, kò ní mọ̀ mí."

Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká lọ ná."

Ó ní, "Ó máa kúnlẹ̀ fún mi. Kò sì ní jẹun." Omijé ti dé ojú rẹ̀, kò sì nù ún. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, ọwọ́ tó ń rùn fún ọtí, mo fà á bí a ṣe ń fa ọmọ tí kò fẹ́ lọ gba abẹ́rẹ́. Ó gun ọ̀kadà. Mo gun tèmi lẹ́yìn rẹ̀, mo ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ tó tẹ̀ nínú aṣọ tútù, mo sì ń ṣe àdúrà tí kò ní orí tí kò ní ìdí títí a fi dé Papalanto.

Ìyá àgbà jókòó sórí ẹní nínú pálọ̀, ó kọjú sí ògiri. Oúnjẹ wà níwájú rẹ̀, ó ti tutù. Ọmọ rẹ̀ ní, "Màámi, ẹ wo ẹni tó dé." Kò yíjú. Bàbá mi bọ́ bàtà, ó rìn lọ díẹ̀díẹ̀, ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú orúnkún rẹ̀ tó ń dùn ún, ó sì jókòó tì í lórí ẹní. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni." Ìyá àgbà wò ó. Mo rí ojú rẹ̀ dáadáa, kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ó ti ń gbé ara rẹ̀ sókè láti kúnlẹ̀ kí àlejò.

Ó wá dúró. Imú rẹ̀ mì. Ó sún mọ́ bàbá mi, ó gbọ́ òórùn àyà rẹ̀, ó gbọ́ òórùn apá rẹ̀. Ojú rẹ̀ le gan-an. Kí a tó mọ ohun tó fẹ́ ṣe, ó ti na ọwọ́, ó ti di etí bàbá mi mú, ó sì ń fà á. Ó fi oríkì rẹ̀ pè é, oríkì tí ẹnikẹ́ni kò fi pè é mọ́ láti ìgbà tí ìyá wọn ti kú.

"Níbo lo ti lọ mu ọtí? Àbí ìwọ kọ́ ni mò ń bá wí? O fẹ́ kí Bàbá wa pa wá, èmi tí mo ń pọ̀n ẹ́ àti ìwọ alára!" Ó jù ú sílẹ̀, ó wò yíká, ó rí ọmọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "Ìwọ, gbé oúnjẹ yẹn lọ gbóná. Kó jẹun kí òórùn ẹ̀ lọ kí Bàbá tó dé. Bù ú kó pọ̀, èmi náà máa bá a jẹ." Ó tún di etí náà mú. "Dá mi lóhùn. Ṣé o mu ún àbí o ò mu ún?"

Mo la ẹnu láti sọ òtítọ́ fún un. Bàbá mi gbé ọwọ́ sókè, ó dá mi dúró. Ọkùnrin yìí, tí ọtí kò kan ètè rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, jókòó sórí ẹní pẹ̀lú etí rẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, omijé ń ṣàn lójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Mo mu ún, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún Bàbá."